Níbo la ti lè yáwó láì rì sínú gbèsè? Ìfiwéra fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ná l'Ékòó

Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di ₦70,000. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Marina, ọmọ tó ń dúró ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀gá ní Balógun, alábàárù ní Mile 12, tàbí ìyá tó ń ta ata ní Mushin. Púpọ̀ nínú wọn kò rí tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì rí i ń fi bọ́ ẹnu mẹ́rin márùn-ún. Ẹni tó wà nírú ipò yìí kò nílò àṣejù kó tó jẹ gbèsè. Ọmọ á ṣàìsàn lóru, owó ilé á pé, ẹja á bàjẹ́ lórí àtẹ, wọ́n á sì máa wá ẹni tó máa yá wọn lówó kílẹ̀ tó ṣú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré kan ní Ṣómólú ni mí. Èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tó bá fẹ́ yáwó sílẹ̀, nítorí náà mo máa ń gbọ́ ohun tí kálukú fẹ́ fowó ṣe, mo sì máa ń gbọ́ ibi tí wọ́n ti yá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. "Èló lẹ lè yá mi?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni: "Ní ọ̀sẹ̀ tí owó kò bá wọlé, kí lẹ máa fi ojú mi rí?" Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ló ń sọ irú gbèsè tí èèyàn fẹ́ wọ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni iye tó máa jáde lápò yín lápapọ̀, ní náírà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èlé òun "10% péré" ni, kò tíì sọ nǹkan kan títí ó fi máa sọ bóyá lọ́sẹ̀ ni, lóṣù ni, tàbí lọ́dún. Èkejì ni bó ṣe máa yá tó kí owó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ̀kẹta ni bóyá ètò sísan rẹ̀ bá bí owó yín ṣe ń wọlé mu. Ẹni tó ń rówó lójoojúmọ́ tó wá ṣe àdéhùn ìparí oṣù á ti fi owó náà se ọbẹ̀ kí oṣù tó parí, ẹni tó sì ń gba owó oṣù tó wá ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á máa yáwó san gbèsè láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀sẹ̀ burúkú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

₦50,000 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ káàkiri. Iye èlé tí mo bá dárúkọ, àpẹẹrẹ náà ni. Ẹ béèrè ti àdúgbò yín, kí ẹ sì fi iye tí wọ́n bá pè tún un ṣírò.

Èsúsú

Èèyàn mẹ́wàá, ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan á kó ₦50,000 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí èlé rárá. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yáwó lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó kó kẹ́yìn ti fi owó pamọ́. Nítorí náà, ibi tí ẹ bọ́ sí lórí ìlà ṣe pàtàkì. Bí owó ilé yín bá máa pé ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ sọ fún olórí èsúsú kó fi yín sí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ kò sọ nǹkan kan, wọ́n kó tiwọn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, owó náà lọ síbi tí owó ń lọ, ìgbà tí onílé dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré.

Ní ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí, ojú á ti yín, wọ́n á rán èèyàn wá sílé, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ yín ni, ẹnì kan sì sábà máa ń gbà láti gbé ipò tirẹ̀ fún yín. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó kó tirẹ̀ tán tó pòórá. Èsúsú tí a dá lórí WhatsApp pẹ̀lú àwọn tí a kò fojú kàn rí, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó bọ́ sí i. Ẹni tuntun, ẹ fi í sí ẹ̀yìn.

Alájọ

Alájọ kì í sábà yáni lówó, ṣùgbọ́n mo kà á mọ́ ọn nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yáwó rárá. Bí ẹ bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, ₦30,000 lẹ máa gbà, ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Àwọn kan ń sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni kéèyàn máa sanwó kí wọ́n lè bá a tọ́jú owó. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Nínú yàrá kan tí èèyàn mẹ́fà ń gbé, ₦30,000 kò lè sùn mọ́jú ní ọjọ́ 30. Ẹnì kan á ní kí wọ́n yá òun nínú rẹ̀, gáàsì á tán, ọmọ á fẹ́ ìwé. ₦1,000 tí alájọ gbà ló dáàbò bo ìyókù.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé bí alájọ bá sá lọ, kò sí ilé iṣẹ́ tó máa san án padà fún yín. Ẹ gba owó yín lóṣooṣù, ẹ má jẹ́ kó di ti ọdún. Bó bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ gbé e lọ sí báńkì, ìbáà ṣe báńkì kékeré tí wọ́n ń pè ní microfinance. NDIC, àjọ ìjọba, ló ń dúró fún owó tó wà ní báńkì tó ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ti gbé iye tí wọ́n ń dúró fún ní báńkì microfinance sókè láti ₦200,000 sí mílíọ̀nù méjì náírà ní ọdún 2024. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an, nítorí pé ní ọdún 2023, báńkì microfinance 132 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ibí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: ẹ ó máa fi owó pamọ́ fún oṣù mélòó kan, oṣù mẹ́fà níbòmíràn, lẹ́yìn náà ẹ lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ẹ fi pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ₦50,000 gbọ́dọ̀ ti ní ₦25,000 nílẹ̀, kó sì ní onídùúró méjì. Bí èlé bá jẹ́ 1% lóṣù fún oṣù márùn-ún, ₦2,500 péré ni èlé gbogbo. Ẹ ó san ₦10,500 lóṣù, ó parí. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ń gba èlé lé lórí nínú ìfiwéra yìí, mi ò rí èyí tí èlé rẹ̀ kéré tó èyí.

Kò yá. Ìgbìmọ̀ wa ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù lálẹ́ òní kò lè dúró dè wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé ìgbà tí nǹkan dára díẹ̀ ni kí wọ́n wọlé. Ẹni tó bá dúró títí ìyọnu fi dé kó tó wá, ó ti pẹ́ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ burúkú, ẹ wá sọ kí ọjọ́ sísan tó kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó bá wá sọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, a máa ń pín owó rẹ̀ sí kéékèèké, a kọ ọ́ sínú ìwé, kò sí ariwo. Ẹni tó bá sá, a ó kọ́kọ́ yọ ọ́ nínú owó tó fi pamọ́, lẹ́yìn náà a ó kọjú sí àwọn onídùúró rẹ̀. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ogún ọdún tó túká nítorí dídúró yìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró fún ẹnì kan, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè san owó náà fúnra yín. Bí ẹ kò bá lè san án, ẹ sọ pé rárá pẹ̀lú sùúrù. Àárọ̀ ọjọ́ kan lojú máa fi tini.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló dára. Àwọn ibì kan wà tí àwọn aṣáájú ti ń yá ara wọn lówó tán kó tó kan ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, bóyá wọ́n ń ka ìṣirò owó sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, bóyá kálukú ní ìwé tí wọ́n ń kọ owó rẹ̀ sí. NDIC kò dúró fún owó ẹgbẹ́, àfi ìwà àwọn tó ń darí rẹ̀.

Báńkì microfinance

Obìnrin mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa ń kó jọ, wọ́n á máa ṣèpàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kálukú á sì dúró fún ẹnì kejì rẹ̀. Kò yá bí áàpù, kò sì pẹ́ bíi tiwa. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Ká ní èlé jẹ́ 4% lóṣù fún oṣù mẹ́fà: ₦12,000 ni èlé, ₦62,000 lẹ máa san, ó lé díẹ̀ ní ₦2,580 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ fi ₦5,000 sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbowó, ₦45,000 ló dé ọwọ́ yín ní tòótọ́. Lórí ₦50,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń ka èlé náà títí dé òpin, kódà nígbà tó bá ku ₦10,000 péré lọ́rùn yín. Ẹ béèrè bóyá bí gbèsè bá ń dín kù ni èlé náà á máa dín kù. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà padà sápò yín.

Fún òwò tó ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó dára. Ẹni tó ń ra tòmátì ní Mile 12 tó ń tà á ní Bariga lè rí ₦2,580 lọ́sẹ̀ lórí èrè. Owó ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Owó ilé ńkọ́? Rárá. Ìwọ̀nyẹn kì í bímọ lọ́sẹ̀ kejì, sísan sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí, ẹgbẹ́ ló máa san án fún yín, òṣìṣẹ́ báńkì á sì jókòó síbi ìpàdé títí owó fi máa pé. Mo mọ àwọn obìnrin tó ti yí ọ̀nà ọjà wọn padà kí wọ́n má bàa pàdé àwọn tó san tiwọn fún wọn.

Áàpù orí fóònù

Àìlówó lọ́wọ́, baba ìjayà. Ní aago méjì òru tí ọsibítù bá ní àfi kí ẹ sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ, áàpù nìkan ni kò sùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, BVN, NIN, owó ti dé. Mi ò lè bínú sí ẹni tó bá yá a lóru bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. 15% fún ọjọ́ 30: ₦57,500. Àwọn mìíràn ń yọ èlé ṣáájú, wọ́n á fi ₦42,500 ránṣẹ́, ẹ ó sì dá ₦50,000 padà, ìyẹn sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ bá pé tí kò sí owó, wọ́n á ní kí ẹ san ₦7,500 kí wọ́n sún un síwájú. Oṣù mẹ́ta, ₦22,500 ti lọ, ₦50,000 ṣì dúró síbẹ̀ gbọin. Èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá tún burú jù. Ohun tí mò ń rí jù lọ ni áàpù kejì tí wọ́n yá láti fi san àkọ́kọ́, títí wọ́n á fi di mẹ́rin márùn-ún lórí fóònù kan.

Ọ̀sẹ̀ burúkú ti áàpù ni gbogbo Èkó mọ̀: wọ́n á pè yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, sí pásítọ̀, sí àna, pé olè ni yín. Òfin ti bá wọn wí. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022. Láti ìparí oṣù kìíní ọdún 2023 ni Google ti ní kí áàpù tó bá ń yáni lówó ní Nàìjíríà mú ẹ̀rí àṣẹ wá, lọ́dún kan náà ni wọ́n sì fòfin de irú áàpù bẹ́ẹ̀ láti máa wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù oníbàárà. Ní ọdún 2025, FCCPC tún gbé òfin tuntun kalẹ̀ tí ìtanràn rẹ̀ lè dé ₦100 mílíọ̀nù. Ẹ wo orúkọ áàpù lórí àkọsílẹ̀ FCCPC kí ẹ tó fi sórí fóònù. Èyí tí ẹnì kan bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín láìgba Play Store, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ń bà yín lórúkọ jẹ́, ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì gbé e lọ bá FCCPC.

Òfin yìí kò pa gbèsè rẹ́ o. Láti ọdún 2020 ni CBN ti fún báńkì láǹfààní láti yọ gbèsè tí èèyàn kọ̀ láti san nínú àkáǹtì yòówù tó bá ní lábẹ́ BVN kan náà, kódà ní báńkì mìíràn. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń gba báńkì wọlé gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó fọwọ́ tẹ "Mo gbà".

Sógundógójì

Olówó èlé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pẹ́ láti sọ. 10% lóṣù jẹ́ ₦5,000. Ẹ san èlé fún oṣù mẹ́wàá, ₦50,000 ti lọ, ₦50,000 ṣì wà lọ́rùn. Wọ́n ń gba tẹlifíṣọ̀n ṣe ìdógò, wọ́n ń gba fóònù, àwọn kan sì ń gba káàdì ATM pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹ má fi káàdì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láé. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, olówó èlé ló máa kọ́kọ́ rí i.

Àwìn

Nítorí pé wọn kì í pè é ní gbèsè, àwọn èèyàn kì í ṣírò rẹ̀. Ká ní dẹ́ríkà ìrẹsì jẹ́ ₦1,800 lójú ẹsẹ̀, ₦2,000 bó bá jẹ́ àwìn ọ̀sẹ̀ kan. ₦200 lórí ₦1,800 lé ní 11%, láàárín ọjọ́ méje. Ohun tí sógundógójì òkè yìí ń gbà lóṣù kan kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè iye méjèèjì lọ́wọ́ ìyá onírẹsì, láì sí ìjà.

Síbẹ̀, bí iye méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, àwìn ni gbèsè tó rọ̀ jù l'Ékòó. Ní ọ̀sẹ̀ burúkú ìyá náà á ní, "Ó dáa, ẹ mú un wá lọ́jọ́ Sátidé." Ẹ má ṣe ba àárín ẹ̀yin àti irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹ san díẹ̀, kódà bó jẹ́ ₦500, kí ẹ sì fojú kàn án, ẹ má gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Bí ìdílé mẹ́ta bá sì lè kówó jọ ra àpò ìrẹsì kan ní ọjà Daleko kí wọ́n pín in, àwìn náà á dín kù.

Owó tí kò yẹ kéèyàn yá

Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àti pé ẹni tó ti wà nínú ilé tó ń san lóṣooṣù, kò gbọ́dọ̀ béèrè ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin náà yọ Apapa, Ikeja GRA, Ikoyi àti Victoria Island sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé kò ka òfin yìí sí, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fi bẹ̀bẹ̀ kí ó tó lọ yá owó ọdún méjì. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni púpọ̀ á gba owó ní ìpín mẹ́ta bí ẹ bá lọ bá wọn kí sáà tó wọlé. Fún ìwòsàn, ẹ béèrè nípa Ìlera Èkó, ètò ìlera ìpínlẹ̀, nígbà tí ara ṣì le.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Ẹ má yáwó rà á. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ẹ ní, ẹ bá wọn fọ abọ́, ẹ bá wọn gbé oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbèsè aṣọ ẹbí tí mo ti kọ sínú ìwé wa ti pọ̀ jù fún mi láti dákẹ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń rówó lójoojúmọ́ tí kò sì jẹ gbèsè: alájọ lóòní, kó sì wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú owó àkọ́kọ́ tó bá kó. Ẹni tó ń gba owó oṣù: alájẹṣẹ́kù, pẹ̀lú èsúsú kan ṣoṣo tí ipò rẹ̀ bọ́ sí oṣù owó ilé. Èsúsú méjì ti pọ̀ jù lórí ₦70,000. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ń yára yí, tó sì ní obìnrin mẹ́sàn-án tó fọkàn tán: microfinance, lẹ́yìn tó bá ti béèrè nípa èlé tó ń dín kù. Áàpù wà fún òru ọsibítù nìkan, nígbà tí owó tó dájú bá ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì yá ohun tí ọsibítù béèrè, kì í ṣe gbogbo ohun tí áàpù bá ní òun lè yá yín. Sógundógójì, mi ò ní ẹni tí mo lè fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹni tó ti jẹ gbèsè níbi mẹ́ta mẹ́rin ńkọ́? Kó dúró ní yíyá, kó sì kọ gbogbo wọn sórí ìwé kan: ta ni, èló ló kù, èló ni èlé rẹ̀ lóṣù. Kó lọ bá àwọn tó ṣeé bẹ̀, ìyẹn ìyá onírẹsì, èsúsú, ẹgbẹ́, kó bẹ̀ wọ́n fún iye kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́kù, orí èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni kó kó o sí títí tí yóò fi parí, kó tó bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá parí, kó gba ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ pé kò sí gbèsè mọ́, kó sì tọ́jú rẹ̀, nítorí áàpù kan lè tún pe orúkọ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sí i.